Kí Wọ́n Tó Sọ Gíà Yín Kalẹ̀, Ẹ Tẹ́tí sí I Ná

Lóṣù tó kọjá, màmá kan tó jẹ́ tíṣà gbé Camry wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn níbí. Camry tí àwa ń pè ní Big Daddy ni, ti 2004, tòkunbọ̀ tó gba Kùtọnú wọlé. Ojú wọn ti pọ́n. Mẹkáníìkì kan ti sọ fún wọn pé gíà ti kú, pé kí wọ́n lọ wá ₦400,000, kí òun bá wọn ra Belgium kan, ìyẹn gíà àlòkù láti òkè òkun, ní Gate, kí òun sì sọ ti tẹ́lẹ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Mà, kí ni gíà ọ̀hún ń ṣe gan-an?" Wọ́n ní, "Ọ̀gá, bí mo bá ti fi sí D, gbì! Bí mo bá fi sí R, gbì! Àfi bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

N kò tíì wo abẹ́ mọ́tò rárá. Mo fi igi há táyà ẹ̀yìn, mo ní kí wọ́n fa háńdì bíréèkì sókè, kí wọ́n tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n wá máa yí gíà láti D sí R, láti R sí D. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. (Ẹ má dúró síwájú mọ́tò tó wà nínú gíà láéláé, ẹsẹ̀ lè yọ̀ kúrò lórí bíréèkì.) Ẹ́ńjìnì ń fò sókè bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó. Ẹ́ńjìnì síìtì apá ọ̀tún, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró, ti ya, èyí tó wà lẹ́yìn náà ti jẹ tán nínú. Síìtì méjì la pààrọ̀. Gíà wà níbẹ̀ títí dòní, n kò tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ẹyọ kan.

Gíà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, torí owó wà nínú sísọ ọ́ kalẹ̀. Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ torí ìdí rẹ̀ lèmi náà ti ń jẹun láti 1993. Peugeot 504 àti Datsun la fi kọ́ṣẹ́, kí ọ́tò, gíà tó ń yí ara rẹ̀, tó gba ìgboro kan. Etí ọ̀tún mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, nítorí ọdún mọ́kànlá ni panẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń lu irin lápá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù mi. Etí òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì ń fi í ṣe, ẹ̀yin náà lè fi tiyín ṣe é.

Ta ni ariwo náà ń tẹ̀ lé?

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ dáhùn ìbéèrè kan: ẹ́ńjìnì ni ariwo yìí ń tẹ̀ lé ni, àbí táyà? Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, kí gíà wà ní P, kí ẹ rọra tẹná. Bí ariwo bá ń gòkè bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gòkè, ẹ́ńjìnì ló ń tẹ̀ lé: ó lè wá láti inú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, ó sì lè wá láti ara pọ́ǹpù tó wà níwájú gíà. Bí kò bá dún rárá lójú kan, àfi ìgbà tí mọ́tò bá ń rìn, tó sì ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, táyà ló ń tẹ̀ lé: ẹ ronú bearing (irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀), ṣáàfù (irin tó ń gbé agbára gíà dé táyà), tàbí táyà gan-an. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ẹ kò sì tíì ná kọ́bọ̀.

Wíìììì, bí ẹ̀fọn létí, tó ń gòkè pẹ̀lú ẹ́ńjìnì kódà ní P. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń yí síríǹ ló ń pọ̀, ti pọ́ǹpù power steering ni, ẹ fi gíà sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì gíà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ́ìlì lè má tó, kí pọ́ǹpù máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, tàbí kí fílítà ti dí. Gíà kì í jó ọ́ìlì bí ẹ́ńjìnì ṣe ń jó o. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan ni: síìlì ibi tí ṣáàfù ti wọlé, páìpù tó ń lọ sí radiétọ̀, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò lálẹ́, ẹ wò ó láàárọ̀ bóyá ẹ máa rí àmì pupa. Mẹkáníìkì tó bá kàn bu ọ́ìlì kún un láìwá ibi tó ń jò ti mọ̀ pé ẹ máa padà wá.

Hùùùù, bí ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ lókèèrè, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré bá tó nǹkan bí 50 sí 60 kílómítà ní wákàtí, tó sì ń pọ̀ sí i. Èyí ni wọ́n ti fi sọ ọ̀pọ̀ gíà kalẹ̀ lásán. Ẹ wá ojú títì tó ṣófo, ẹ rọra yí síríǹ díẹ̀ sósì, díẹ̀ sọ́tùn-ún. Bí ariwo náà bá pọ̀ nígbà tí mọ́tò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì rọlẹ̀ nígbà tó tẹ̀ sí èkejì, bearing táyà ni. Bó bá yí ohùn padà nígbà tí ẹ kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí kọnkéré, ẹ wo ojú táyà. Tòkunbọ̀ táyà tó ti jẹ ségesège máa ń pariwo jọ gíà débi pé èmi náà ti ṣì í gbọ́ rí.

Bí a ṣe ń mọ bearing tó ti lọ nínú ṣọ́ọ̀bù nìyí. Mo há táyà ẹ̀yìn, mo jáàkì iwájú, mo gbé e lé stand (jáàkì nìkan kò tó, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé), mo pa ẹ́ńjìnì, mo fi gíà sí N. Mo fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ara irin tó di bearing mú, mo fi orí rẹ̀ ti etí òsì mi, ọmọ iṣẹ́ mi wá fi ọwọ́ yí táyà. Bearing tó dára kò ní í sọ nǹkan kan, ẹ óò kàn gbọ́ bí ọ̀rá ṣe ń yọ̀. Èyí tó ti lọ á máa dún bí ẹni ń lọ nǹkan tó ní yanrìn lórí ọlọ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fi etí kàn án lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó fò sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, òkúta wà ńbẹ̀!" Kò sí òkúta kankan. Ẹnu irin tó ti ṣí ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Ká-ká-ká-ká nígbà tí ẹ bá yí síríǹ dé òpin tí ẹ sì tẹná: ẹnu ṣáàfù níta ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà tó bò ó. Bó bá ti ya, tí gíríìsì sì ti fọ́n sí ara rímù nínú, ìdáhùn yín nìyẹn. Bí ẹ bá tètè rí rọ́bà tó ya kó tó máa dún, rọ́bà àti gíríìsì nìkan lẹ máa rà.

Gìrìgìrì láàárín 60 sí 80, bí ìgbà tí mọ́tò ń gun àwọn gálọ́gáló kéékèèké ojú títì, ẹ kò sì tẹná púpọ̀. Ọ̀nà méjì ló lè gbà wá. Ó lè jẹ́ torque converter, ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà: ìgbà tí eré bá dúró lójú kan, ó máa ń di ara rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì kí epo má bàa ṣòfò, bí ọ́ìlì bá sì ti gbó, kò ní í dì dáadáa, á máa yọ̀ á máa dì. Ó sì lè jẹ́ pílọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tí kò taná dáadáa. Nígbà tó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, tí kò sẹ́ni lẹ́yìn yín, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́rẹ́. Bíréèkì tí ẹ fọwọ́ bà yẹn máa ń jẹ́ kí converter tú sílẹ̀. Bí gìrìgìrì bá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, converter ni. Bí kò bá dúró, ẹ lọ ṣe scan, kí ẹ̀rọ ka nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ti kọ sílẹ̀. P0300, P0301, P0302 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń sọ pé iná kò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnì. P0741 ló ń tọ́ka sí dídì converter. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe scan fi nọ́ńbà yẹn hàn yín lójú fóònù, kó má kàn fẹnu sọ pé "gíà ló mú wá".

Kọ-kọ-kọ nígbà tí mọ́tò dúró tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, tó ń yí padà bí ẹ bá ti fi sí D: ó lè jẹ́ flywheel, awo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ converter, ló sán, tàbí nọ́ọ̀tì tó so converter mọ́ ọn ló ti rọ̀. Èyí kò ṣe é fi rìn. Àmọ́ kí àyà yín tó já, ẹ wo páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹgisọ́ọ̀sì. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan bá jábọ́, gbogbo mọ́tò á máa dún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni mo fi ń so ó.

Ariwo kan wà tí kì í ṣe àìsàn rárá, ìyẹn "gbà!" tó máa ń dún nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ gíà kúrò ní P lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹ bá páàkì sórí òkè Mọ́kọ́lá, tí ẹ fi sí P tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, irin kékeré kan nínú gíà tí kò tó ìka méjì ló gbé gbogbo mọ́tò dání. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí N, ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kí háńdì gbà á, kí ẹ tó wá fi sí P. Ariwo yẹn á lọ.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ẹ fi sí D láàárọ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó gbà. Tàbí ẹ wà lórí eré, ẹ́ńjìnì ké sókè wúùù, mọ́tò kò sì yára sí i. Gíà ń yọ̀ nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá pé tó sì ń yọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ọ́ìlì tuntun á wò ó sàn. Awọ ara disc, àwọn awo pẹlẹbẹ tó ń di ara wọn mú nínú gíà, ló sábà máa ń ti jẹ tán.

Géèjì àti bébà funfun

Bí a ṣe ń wo ọ́ìlì gíà yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Fún Toyota bíi ti màmá yìí, ẹ wà á títí gíà á fi gbóná, bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ má pa ẹ́ńjìnì. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ rọra mú gíà láti P dé L, ẹ dá a padà sí P. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ kì í bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ tún fà á. Láàárín àmì méjì tó wà níbi HOT ló yẹ kó wà. COOL kàn wà fún ìgbà tó bá ṣì tutù ni. Honda ní tirẹ̀, ẹ́ńjìnì á gbóná, ẹ ó pa á, ẹ ó sì wo géèjì láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí ẹ pa á. Ẹni tó bá wo ti Honda bó ṣe ń wo ti Toyota á da ọ́ìlì tó ju ìwọ̀n lọ sínú rẹ̀. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù á máa hó, ìfófò kò sì lè ti gíà.

Ẹ wá kán ẹ̀kán kan sórí tíṣù funfun, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ́ìlì tuntun pupa bíi zobo, á sì tàn ká láìfi ìdọ̀tí sílẹ̀ láàárín. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ á rí bí àgbo, ìyẹn kò burú, ó kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pààrọ̀ òun. Bí àárín bá dúdú tí kò tàn, tó sì ń rùn bí òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, disc ti jó. Bó bá sì rí bí ẹni bu wàrà sínú zobo, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì gíà máa ń gba inú radiétọ̀ kọjá kó lè tutù. Páìpù inú rẹ̀ ti lu, omi ti wọ gíà. Ohun tó sábà ń fa ìyẹn níbí ni omi ẹ̀rọ lásán tí a ń dà sínú radiétọ̀ lọ́dọọdún títí inú rẹ̀ fi dípẹtà. Ẹ ra coolant. Ẹ máa bínú nítorí owó rẹ̀, ẹ ṣáà rà á.

Pípààrọ̀ rẹ̀

Ìwé mọ́tò mìíràn kò sọ ọjọ́ kankan tí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì gíà. Mọ́tò tí kò jókòó nínú gosílóò Mólété tàbí Ìwó Road rí ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Èmi ń pààrọ̀ ti kọ́sítọ́mà mi ní 40,000 kílómítà. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà máìlì ló ń kà, nítorí náà 25,000 máìlì ni kí ẹ fi sọ́kàn.

N kì í fi ẹ̀rọ fọ gíà tó ti gbó. Sísàn díẹ̀díẹ̀ ni mo fara mọ́: ẹ sàn án, ẹ dà á, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ju bí ìdajì lọ, torí èyí tó kù wà nínú converter.

Kí gíà lọ́wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná jù, torí ọ́ìlì gbígbóná ń bó ọwọ́. Kí mọ́tò tẹ́jú lórí stand. Ẹ rí i dájú pé nọ́ọ̀tì gíà lẹ ń tú. Mo ti rí ẹni tó sàn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dànù, tó wá da ọ́ìlì méjì sínú gíà. Lára Big Daddy, sípánà 14 ló ń tú ti ẹ́ńjìnì, ti gíà sì jẹ́ álíńkíì nọ́ńbà 10. Fún mọ́tò tí kò ní géèjì, ẹ kọ́kọ́ tú ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì wọlé, kó má lọ jẹ́ pé ẹ sàn án tán kí ẹ tó mọ̀ pé ibẹ̀ ti há.

Ohun tó bá jáde, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìgò omi lítà kan ààbọ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mẹ́ta ní ìlà lójú ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ti Big Daddy, bíi lítà mẹ́ta ààbọ̀ ni. Iye tó jáde ni kí ẹ dá padà láti ojú géèjì, kí ẹ tó wá fi géèjì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá tú páànù abẹ́, ẹ wo àwọn mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀: ẹrẹ̀ eléérú tó kúnná bí àtíkè kì í ṣe ìṣòro, gbogbo gíà ló ní i. Irin tó ṣe ṣóṣóró tí ọwọ́ lè mú, ìyẹn ni kí ẹ gbé wá fún mi.

Ọ́ìlì wo? Èyí tí ìwé mọ́tò bá pè, kì í ṣe èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ yín. Big Daddy 2004 ń lo T-IV. Ọ̀pọ̀ Toyota ọ́tò tó tẹ̀ lé e ń lo WS, àwọn méjèèjì kò sì ṣe é fi rọ́pò ara wọn. Honda ní tirẹ̀, DW-1, tó rọ́pò Z-1. Mo mọ ti Honda dáadáa, torí mo san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Accord kan, End of Discussion, ni mo da ọ́ìlì pupa lásán sí, mo ní pupa ṣáà ni pupa. Kò pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bí ẹni ń ṣe òsúkè bó bá fẹ́ yí gíà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sàn án fi owó ara mi ra èyí tó tọ́, ó dín kù, kò lọ tán. Ọ̀gá tó ni mọ́tò kò bú mi. Ó kàn ń kí mi lọ́nà jíjìn látìgbà náà.

Bí mọ́tò yín bá jẹ́ CVT, gíà ọ́tò tí kì í yí láti nọ́ńbà kan sí èkejì, bíi ọ̀pọ̀ Corolla láti 2014 tàbí ọ̀pọ̀ Nissan, ẹ gbàgbé gbogbo ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọ́tò tí a ti ń sọ bọ̀. Ọ́ìlì CVT nìkan ló ń lò. Ohùn rẹ̀ náà yàtọ̀, ó máa ń hun ún lójú kan láìyí gíà, ẹ má sọ pé ó ń yọ̀.

Bí ẹ bá ń rà á

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, nǹkan kan wà tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Ẹ ṣí radiétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, ẹ wò ó bóyá òróró léfòó. Ẹ tan án, ẹ fi sí R kí ẹ tó fi sí D, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Kò yẹ kó ju méjì lọ. Ẹ wà á dé ibi tó ga, ẹ dúró láàárín òkè, ẹ tún gbéra. Ọ́ìlì gíà tó pupa rokoṣo nínú mọ́tò tí eruku bo ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í ṣe ìròyìn ayọ̀: ẹnì kan pààrọ̀ rẹ̀ láná, ẹ bi í pé kí ló dé.

Lẹ́yìn tó bá ti di tiyín, ẹ má fi sí N sọ̀kalẹ̀ lórí òkè torí epo bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnì òde òní ń gé epo fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná nínú D. Ẹ má fi sí R nígbà tí mọ́tò ṣì ń yí lọ síwájú. Bó bá kọ̀ sójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ láti Ògèrè wá sí Ìbàdàn kí táyà tó ń fà á máa yí nílẹ̀. Pọ́ǹpù gíà kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnì bá kú, gbígbẹ ni gíà á máa yí títí tí ẹ ó fi délé. Ẹ wá ọkọ̀ towing tó ń gbé iwájú sókè, bó bá jẹ́ táyà iwájú ló ń fà á.

Màmá tíṣà ti padà wá fún ọ́ìlì. Mo lẹ páálí kékeré kan sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò dúdú: T-IV, ìgbà kìíní nínú mẹ́ta, lítà 3.5, máìlì 131,460. Wọ́n kà á, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àmì sí orí "lítà" tí mo gbàgbé.